Ọmọ Tí Imú Rẹ̀ Kì Í Gbẹ

Ìfànyìn,
nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Àbẹ̀ní mi, ọmọ mi àtàtà,

Kí ìwé yìí bá ọ níjòókòó ire. Ara ìyá rẹ le, ara èmi náà ò burú, bí a bá yọwọ́ orúnkún tí ń yọ mí lẹ́nu nígbàkígbà tí òjò bá ṣú. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun kí o tó jáde nílé. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó kù kí n jẹ́ tèmi.

Lọ́jọ́ tí o pè wá lórí fóònù pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní Pọ́bẹ̀, ìyá rẹ jó yí ilé ká. Èmi náà dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o wá ṣàlàyé irú iṣẹ́ tó jẹ́, pé ẹ ó máa lọ láti àgbàlá dé àgbàlá, ẹ ó máa ti òwú bọ imú àti ọ̀fun àwọn ọmọ kéékèèké tí ara wọn dá ṣáṣá, kí ẹ lè mọ irú kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé níbẹ̀, mo gbé fóònù kúrò létí. O ní, "Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ mi?" Mo ní rẹ́sóò fóònù ni kò dáa. Rẹ́sóò dáa, Àbẹ̀ní. Èmi ni n kò mọ ohun tí mo lè wí.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Ọwọ́ mi mọ abẹ́rẹ́ ju bírò lọ, ìwọ̀nba Yorùbá tí wọ́n kọ́ wa kà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì mọ̀ ọ́n kọ. Fi sùúrù bá mi kà á.

Ìwọ kò lè rántí àgbàlá tí a gbé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgòlò. Yàrá kan ni a háyà níbẹ̀. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni ti Ìyá Rẹ̀mí. Ọkọ rẹ̀ ń wa tasín, ó ń kó èrò lọ sí Àjàṣẹ́. Ọmọ méjì ni wọ́n ní: Rẹ̀mí, tó ti ń lọ sílé ìwé, àti Sùnkànmí, ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó. Rẹ̀mí mọ́ tónítóní. Aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, kì í húkọ́, kì í sín. Ìwọ ní tìrẹ, imú rẹ kì í gbẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà òjò, ikun wà lẹ́nu imú rẹ bí àbẹ́là tó ń yọ́. O kò sì kà á sí. O ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, o ó máa bá eré rẹ lọ. Sùnkànmí sì lo fẹ́ràn jù láyé. O máa ń fi ìró ìyá rẹ pọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, gbogbo àgbàlá á máa rẹ́rìn-ín.

Ojú ni ó ń tì mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, mo fẹ́ kí àwọn oníbàárà mi rí mi bí ẹni tó mọ́. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan gbé léèsì wá, ó rí ọ, ó ní, "Bàbá Àbẹ̀ní, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí fọwọ́ kan aṣọ mi o." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo lọ sí Ìgòlò, mo ra kápúsù lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń kiri oògùn lórí àtẹ, èyí tí apá kan pupa, tí apá kejì dúdú. Mo ń tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ẹ̀kọ rẹ. Bí imú bá gbẹ díẹ̀, mo dáwọ́ dúró. Bó bá tún dà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ ń ṣí gbuuru, mo ní ìdọ̀tí ló ń jáde.

Ìmọ̀ràn mi kìíní nìyí, láti inú àṣìṣe yẹn. Wàá rí ọ̀pọ̀ òbí tó ní irú kápúsù bẹ́ẹ̀ nínú ike lábẹ́ ibùsùn. Má pariwo mọ́ wọn. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n. Ẹni tójú ń tì ni wọ́n, tàbí ẹni tẹ́rù ń bà. Jókòó tì wọ́n, kí o sọ ohun tí nọ́ọ̀sì kan padà wá sọ fún mi lẹ́yìn tó ti pẹ́ jù: pé bí a bá ń fi ìdákúrekú fún ọmọ ní oògùn báyìí, ńṣe ni a ń kọ́ kòkòrò inú imú rẹ̀ bí yóò ṣe máa bá oògùn jà, lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá sì dé, oògùn náà lè má ràn án mọ́.

Lásìkò ọyẹ́ ni ara Sùnkànmí bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. A ní eyín ló fẹ́ hù. Nígbà tó yá, tí wọ́n bá gbé e, á figbe ta, ọrùn rẹ̀ le bí igi. Gìrì mú un. Bàbá rẹ̀ gbé e sínú tasín, kò dúró kó èrò, ó sáré gba Àjàṣẹ́ lọ. Wọ́n ní àrùn yírunyírun ni. Wọ́n pẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láàyè, a kọrin, a gbàdúrà, ìyá rẹ se ìrẹsì fún gbogbo ilé.

Ìyá Rẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura. Ó ń dáná lọ́jọ́ kan, ọmọrí ìkòkò já lulẹ̀ lẹ́yìn ọmọ náà. Adìẹ fò, ajá sá. Sùnkànmí kò wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ tún mú ọmọrí náà, ó fi lu ìkòkò, ó lù ú, ó lù ú. Ọmọ ń fi iyanrìn ṣeré. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé etí rẹ̀ ti lọ.

Ìyá Rẹ̀mí dìde, ó bọ́ sáàárín àgbàlá, ó nawọ́ sí ọ.

"Ọmọ yín ló ba ayé ọmọ mi jẹ́! Ikun imú tó ń pọ̀n mọ́ ọn lára lójoojúmọ́ ló ràn án!"

Ìyá rẹ ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé mà ni."

"Ọmọdé? Ọmọ tèmi ńkọ́? Àgbàlagbà ni tèmi?"

Gbogbo èèyàn wá ń wò mí. Èmi ni bàbá rẹ, èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Àbẹ̀ní, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ forí jì wá." Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo hù, pé mo ń tu obìnrin tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lójú. N kò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo fi dá ọ lẹ́bi níwájú gbogbo ilé. Bí bàbá ọmọ bá ti tọrọ àforíjì, ta ni yóò tún sọ pé ọmọ náà kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀?

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Gbogbo ayé ń pa òwe yẹn bí ẹni pé ẹ̀rí ni. Mo ti rí i pé kì í ṣe ẹ̀rí. Imú ọmọ kan ń dà lánàá, àìsàn mú ọmọ kejì lónìí, a sì ti dájọ́ tán. Bí wọ́n bá pa òwe yẹn fún ọ níbi iṣẹ́, má bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n má gbà á fún wọn. Béèrè ìbéèrè. Èmi kò béèrè ẹyọ kan.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ya ife rẹ sọ́tọ̀ nídìí omi. Àwọn ọmọdé ń pè ọ́ ní "Onímú." Bí o bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ayò, wọn á kó ọmọ ayò wọn. Èmi náà gbà fún wọn. Bí o bá fọwọ́ nu imú, mo fi okùn ìwọnṣọ nà ọ́ lọ́wọ́. O ó wò mí, o ò ní sunkún, imú á tún dà, o ó sì tún fọwọ́ nù ún, nítorí o kò mọ ohun mìíràn tí o lè fi ṣe.

Nígbà tí ojú wá ń tì mí jù, mo pe ọlọ́kadà kan, mo ní kó gbé wa lọ sí Kókúmólú, sọ́dọ̀ ìyá mi. Ìyá rẹ dì mọ́ àpò aṣọ rẹ.

Ó ní, "Bàbá Àbẹ̀ní, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

Mo ní, "Ṣé ìyá mi lo pè lẹ́kùn?"

Ó fa àpò náà mọ́ra. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ ni."

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ lára àpò náà. O jókòó láàárín èmi àti ọlọ́kadà, o ń kọrin lọ lójú ọ̀nà. O rò pé òde la ń lọ.

Ìmọ̀ràn kejì, mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn dọjọ́ tí ìwọ náà yóò bímọ: bí wọ́n bá nawọ́ sí ọmọ rẹ láwùjọ, tí o kò tíì mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, gbé ọmọ rẹ sẹ́yìn ná, kí o dúró tì í. Bó bá jẹ̀bi, ẹ̀yìn rẹ ni kó ti gbọ́ ìbáwí. Ọmọ kì í gbàgbé ẹ̀yìn tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ìjà.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ di oṣù. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wá sí àdúgbò wa, irú iṣẹ́ tí ìwọ fẹ́ lọ ṣe yìí gan-an. Wọ́n wé òwú mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń tì í bọ imú àwọn ọmọ. Àwọn ìyá fẹ́ lé wọn. "Ọmọ mi ò ṣàìsàn, kí lẹ ń wá nímú rẹ̀?" Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà láàárín wọn, obìnrin tó ti ń hu ewú, tó rọra máa ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ́ọ̀n, ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kòkòrò tó ń fa àrùn yírunyírun tó mú ọmọ yín yẹn, imú àti ọ̀fun àwọn ọmọ tí ara wọn le ló fi ṣe ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ ló ní in. Kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó ń wọ̀, ó ń jáde, wọ́n ń sín in síra wọn, wọ́n ń fọwọ́ kó o ran ara wọn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gba etí tàbí àyà tàbí ọpọlọ ọmọ kan lọ. A ò lè sọ fún yín ìdí tó fi jẹ́ ọmọ yẹn."

Mo gbọ́ ọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú èsì padà wá, ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ìkà nínú, tó kàn fẹ́ ṣe kíá, ó dúró sáàárín àgbàlá, ó ní, "Ìyá Rẹ̀mí, imú Rẹ̀mí la ti rí i ní àgbàlá yìí. Òun ni kòkòrò náà wà nímú rẹ̀."

Gbogbo ilé gbọ́. Àbẹ̀ní, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ tó mọ́ bí àwo! Ọlọ́run ti gbèjà wa!"

Rẹ̀mí wà níbẹ̀. Ó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ó tú ọ̀já, ó gbé Sùnkànmí kalẹ̀ lórí iyanrìn jẹ́jẹ́ bí ẹyin, ó sì rìn jáde lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn, kò pọn ọmọ náà mọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà náà ti yára bọ́ síwájú. Ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Rẹ̀mí ní in lónìí. Ta ló mọ ẹni tó ní in lọ́yẹ́ tó kọjá? Bí a bá yẹ imú Àbẹ̀ní wò, a lè rí i níbẹ̀. Ó lè ti wà ní ti ọmọ ilé kejì. Ó lè wà ní tèmi. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ láyé. Ọmọ kankan kò jẹ̀bi." Ó yíjú sí mi. "Bàbá, kí lẹ wá ń yọ̀ sí?"

Mo yí padà, mo wọ yàrá mi lọ. Títí di òní n kò rí èsì. Wọ́n ti fi ẹ̀sùn èké jẹ ọmọ mi níyà, mo mọ bó ṣe ń dunni tó, ìgbà tí wọ́n sì gbé ẹ̀sùn náà ka orí ọmọ ẹlòmíràn, mo pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, òun ló máa ń jí mi lójú oorun. Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Àwa kò mọ ìka tó ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ la gé méjì.

Nítorí Ọlọ́run, ọmọ mi, má pe orúkọ ọmọ kankan láàárín àgbàlá. Ohun tí òwú bá sọ, ìyá àti bàbá nìkan ni kó gbọ́ ọ, nínú yàrá, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Kí o tó ti òwú bọ imú ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ sọ fún wọn pé bí a bá rí i, kì í ṣe ẹ̀gàn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ọmọ yìí ló ran ọmọ yẹn. Sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà báyìí, èyí tí Sùnkànmí kò rí gbà nígbà tirẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó kọjá àsìkò nítorí ọjà tàbí oko. Kò ní lé gbogbo kòkòrò jáde nímú ọmọ, ìwọ mọ ìyẹn jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là. Bí ọmọ tí imú rẹ̀ ń dà bá sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń lé, òun ni kí o kọ́kọ́ gbé lé ẹsẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n pe orúkọ Rẹ̀mí, Ìyá Rẹ̀mí wọlé tọ̀ wá wá. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá Àbẹ̀ní, mo ṣìwí. Ẹ lọ mú ọmọ yín wálé. Rẹ̀mí ò jẹun láti àná. Bóyá bí Àbẹ̀ní bá padà dé, ara òun náà á wálẹ̀."

Ìyá rẹ ti ń wá bàtà rẹ̀. Èmi ni mo ní kó dúró. Mo ní ká jẹ́ kí wọ́n kórè tán. Lẹ́yìn ìkórè, mo ní kí Kérésì kọjá. Lẹ́yìn náà mo ní ilé ìwé ti wọlé ní Kókúmólú, kí n má dà á rú fún ọ. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wá sọ fún ọ bí o bá bi mí léèrè? Ojú tó tì mí nítorí imú rẹ ti kúrò, ojú tó ń tì mí níwájú rẹ ló wá kù.

Nígbà tí mo wá lọ sí Kókúmólú, eyín rẹ iwájú ti ká, òmíràn ti hù. Imú rẹ gbẹ. Kò sẹ́ni tó wò ó sàn, o kàn dàgbà kúrò níbẹ̀ ni. O sá sẹ́yìn ìyá mi, mo sì gbọ́ tí o ní, "Màmá, Bàbá Ìfànyìn ti dé."

Bàbá Ìfànyìn. Bí ẹni ń sọ pé bàbá oníṣu tàbí bàbá elépo. Mo sùn níbẹ̀ mọ́jú, mo padà sílé ní èmi nìkan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé ìwé gírámà, ló wá mú ọ wá sí Ìfànyìn, kì í ṣe èmi.

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi, o tọ̀ mí wá lẹ́yìn ilé, o ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe tí ẹ fi gbé mi lọ?" Mo ní kí o lọ bu omi fún àwọn àlejò. O lọ bu omi. O kò tún béèrè mọ́. Èsì rẹ nìyí, ó pẹ́ kó tó dé: o kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ tó fẹ́ràn ìkókó ni ọ́, òtútù sì mú ọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò ka ìmọ̀ràn mọ́, ìyókù kò níye. Má di Ìyá Rẹ̀mí sínú. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó sì máa ń béèrè rẹ. Rẹ̀mí ń ta aṣọ ní Ìgòlò. Ní ọdún tó kọjá ó gbé ìró kan wá kí n bá òun ṣẹ́tí rẹ̀. Ó jókòó pẹ́. Ó wá ní, "Bàbá Àbẹ̀ní, ṣé èmi ni lóòótọ́?" Obìnrin tó ti bímọ, tó ní ṣọ́ọ̀bù! Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo tún gbogbo ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà náà sọ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ nítorí àtẹ́wọ́ tí mo pa. Ó ní òun ti gbọ́. N kò mọ̀ bóyá ó gbà á gbọ́. Bí o bá rí i, bá mi sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnu rẹ ló ní ìwé ẹ̀rí.

Sùnkànmí ti di bíríkìlà, òun ló mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa tuntun. Ó ti bímọ. Ọmọ náà ń gbọ́ràn. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sùn, bàbá rẹ̀ á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, kó lè mọ̀ bó bá ń sunkún. Mo wò ó lọ́jọ́ kan, mo dìde kúrò níbẹ̀.

Ìkẹyìn ọ̀rọ̀ mi, mo bẹ̀ ọ́ ni, kì í ṣe àṣẹ. Nígbàkígbà tí o bá wálé láti ìlú tí o ti kàwé, mo máa ń wà nídìí ẹ̀rọ, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lójúde. Wàá dúró. Wàá ní, "Àgò o," bí àlejò, wàá sì dúró títí ìyá rẹ yóò fi dáhùn. Ìyá rẹ ní ọmọ tó mọ̀wà ni ọ́. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ìwà. Ilé tí wọn kò ti tọ́ ọ dàgbà lo ń wọ̀.

Oṣù tó ń bọ̀, bí wọ́n bá fún ọ láàyè díẹ̀, wá. Mo ti kan ibùsùn kan síbi fèrèsé. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, má kágò. Ti ilẹ̀kùn, kí o wọlé.

Èmi ni,
bàbá rẹ.